Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Pe Orúkọ Dùùrù Bàbá Mi

Láti Ifangni títí dé Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó ń ṣe dùùrù oníná pè tó mi. Kì í ṣe pé mo ń fọ́nnu. Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Daagbé, wọn á sọ fún yín. Ìwé tí mo kà kò kọjá kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n àwọn tó ti jáde yunifásítì, àwọn tó ń fi táì há ara wọn lọ́rùn, ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún dùùrù oníná ṣe, wọn a na ìka sí ohun tí wọ́n kọ síwájú dùùrù, wọn a ní, “Ọ̀gá, báwo la ṣe ń pe eléyìí?” Màá sì pè é fún wọn. Ọ̀kan wà nínú ti Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pè bí ìgbà tí màlúù bá ń ké, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe é kì í pe orúkọ ara rẹ̀ báyẹn. Ọ̀kan wà nínú ti Jámánì tí lẹ́tà ìparí rẹ̀ kì í dún rárá. Ti Japan ló rọrùn jù fún ọmọ Yorùbá, kò sí lẹ́tà tó ń fara pamọ́ nínú wọn. Ohun tó kàn ṣòro ni pé àwa fẹ́ràn láti gbé ohùn sókè kí á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tiwọn kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kí ẹ tò ó lọ gbọọrọ bí ẹni ń to bíríkì. Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo mọ̀, mo sì ń gba ìyìn lórí rẹ̀. Orúkọ kan péré ni n kì í fẹ́ pè. Òun ni orúkọ tó wà lára dùùrù tí bàbá mi gbé wọ ilé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ọdún tí ọ̀rọ̀ di pé bóyá ìyá àgbà wa yóò máa bá wa gbé, bóyá kò sì ní bá wa gbé mọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì wá dúró lórí bí a ṣe ń pe orúkọ kan.

Ìgbà Rẹ́fólúsíọ̀n ni. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ kí ènìyàn lásán, yóò kọ́kọ́ ké “Ehuzu!”, àwọn tó wà ńbẹ̀ á dáhùn “Ehuzu dandan!”, pé ayé ti yí padà, ó sì ti yí dandan. Gbogbo ènìyàn di kàmáráàdì, títí kan bàbá tó ń pa ewúrẹ́ lẹ́bàá ọjà. Nígbà tí délégè, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn aṣọ kakí, bá na ọwọ́ sókè tí ó sì kígbe “Ehuzu!” sí Ìyá Àgbà, ìyá a ní, “Mo jí dáadáa, ọkọ mi, ìyá rẹ ńkọ́?” Délégè a rẹ́rìn-ín, àwa náà a rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ẹ̀rín ṣì ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló nílé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ po amọ̀ rẹ̀, ọkọ kú, òun sì kan òrùlé rẹ̀ parí. Tí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà. Ọwọ̀ Ìyá Àgbà ló ń kọ́kọ́ dún, ṣáà, ṣáà, ṣáà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù. Lẹ́yìn náà, páánù tí ìyá mi fi ń rin gbágùúdá á gbà á, ohùn rẹ̀ le débi pé tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wàá gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé páánù yẹn. Tí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀, a ó bọ́ sínú ẹkù, kòtò tí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kí epo lè jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Múfú, á di apá mi mú kí n má baà yọ̀ ṣubú, epo á pọ́n wa dé orúnkún, Ìyá Àgbà á jókòó sẹ́bàá kòtò, á máa fi oríkì wa wú wa lórí kí ó má baà rẹ̀ wá. Tí a bá parí, àkàsà gbígbóná àti ẹja díndín ló ń dúró dè wá, pẹ̀lú ata tútù tí ó lọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ní Kútọnù, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun bo tábìlì. Mo ń sọ fún yín pé kò dùn tó o.

Ìyá Àgbà kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í fi orúkọ ṣeré. Tí o bá pe orúkọ ẹnikẹ́ni ní ìpèkúpè, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti dá ọ padà: “Padà síta, kí o tún un pè.” Wàídì ni mò ń jẹ́. Ìyá mi a máa pè mí ní Wàí. Ìyá Àgbà a ní, “Ibo lo ju èyí tó kù sí? Ṣé ewúrẹ́ jẹ ẹ́ ni?” Ó ní kò sí ohun tí a fi fún ènìyàn tí kò ṣe é gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ àfi orúkọ, nítorí náà, kí a má máa fọ́ ọ. Mo rò pé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọwọ́ kan dùùrù rí láyé rẹ̀.

Bàbá mi, télọ̀ ni, ṣùgbọ́n orin ló wà lára rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ olórin kan tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, jìtá kan, ìlù ńlá kan, àti agogo. Ohun tó ń wù ú ni dùùrù oníná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń jẹun lọ́wọ́, ó gba ọ̀nà Banigbé dé láti ìhà Nàìjíríà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń mì, ohun gbọọrọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi aṣọ ìbora wé. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ rẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀, nítorí pé iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ orin nínú tẹlifóònù kò lè mọ̀ ọ́n. Ohùn náà wọ inú páánù òrùlé, ó wọ inú àmù, àwọn adìyẹ sá.

“Kí lèyí tó ní eyín báyìí?” ni Ìyá Àgbà wí. “Ṣé kì í buni jẹ?”

“Ọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é ní Faransé, Ìyá.”

“Ògì? Ògì tí a ń mu?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Bàbá fi aṣọ nu ojú dùùrù náà níbi tí lẹ́tà fàdákà wà, ó ní, “Ẹ fi ògì sílẹ̀, ẹ gbọ́ orúkọ tirẹ̀ gan-an. Àìkúyà! Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tà á fún mi ṣe pè é. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: Àìkú. Àìkú ló yà sílé wa lónìí!” Inú Ìyá Àgbà dùn débi tó fi ju ìdí. Ó fọwọ́ kan dùùrù náà, ó ní, “Àìkú, káàbọ̀. Jókòó, ilé rẹ nìyí.” Ó dà bíi pé mo ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí epo pọ́n, lórí eyín funfun wọ̀nyẹn.

Múfú ti wà ní kíláàsì kẹfà, ó ń múra fún ìdánwò sẹtífíkà. Òun ni ọmọwé ilé wa. Ohun gbogbo tó bá ní lẹ́tà lára ni ó ń kà, páálí ṣúgà, àpò símẹ́ǹtì, ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú dùùrù, ó fi ìka tọ lẹ́tà náà.

“Bàbá, kò sí A níwájú rẹ̀. I ló bẹ̀rẹ̀. I, K, U, Y, A. Ikúyà ni.”

Ìyá mi tó ń kó àwo jọ dáwọ́ dúró. Bàbá ní, “Nàìjíríà ni mo ti gbé e wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà lọ́hùn-ún. I ní Gẹ̀ẹ́sì, áì ni. Áì-kú-yà.”

“Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ṣe é, Bàbá. Wọ́n kọ Japan sí ìdí rẹ̀.”

“Gbẹ́nu rẹ dákẹ́! Ṣé ìwọ lo rà á ni, mẹ́tìrì kékeré?” Mẹ́tìrì ni àwa ń pe tíṣà.

Ìyá Àgbà ti gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára dùùrù náà. Ó ní, “Múfútàù, tún un kà.” Múfú tún un kà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò yí ohùn padà. Ikúyà. Ìyá Àgbà wo Bàbá lójú. “Ikú yà,” ni ó wí. “Ó yà sílé ta ni?” Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tó ń bi. Kò sí ohun tí ẹnu lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà kí ó má burú, àfi tí a bá fi “Àì” ti Bàbá ṣíwájú rẹ̀.

Ó bẹ Bàbá pé kí ó fi ọ̀bẹ ha orúkọ náà kúrò. Ó ní òun kò bá dùùrù jà, ohùn rẹ̀ dùn létí òun, orúkọ rẹ̀ ni kí ó kúrò nínú ilé. Bàbá kọ̀. Ó ní dùùrù tí a bá ti ha orúkọ rẹ̀, àwọn dúwáànù tó ń ṣọ́ bodè á ní ẹrù olè ni, wọn á gbà á. Ó sì pàṣẹ fún gbogbo wa pé ẹni tó bá máa dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí, Àìkúyà ni yóò pè é. Èmi pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá mi pè é bẹ́ẹ̀. Múfú kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ rárá. Ìyá Àgbà wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá. Láràárọ̀, tí ó bá gbálẹ̀ tán, á bu omi tútù sínú igbá, á wọ́n ọn sílẹ̀ níwájú tábìlì Bàbá, á sì bá dùùrù náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́ alájọgbé: “Ikú, yà. Yà sóko. Yà sódò. Má yà sílé.” Tí ó bá jẹ́ dandan kí a pe ikú, ó ní kí a kúkú máa pè é kí ó lè yà fún wa, kí ó yà kúrò lọ́nà. Àdúrà ni. Mo dúró tì í, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn Ìyá Àgbà ti máa ń lọ sílẹ̀ tí ó bá débẹ̀, “má” yẹn kò sì ju èémí lásán lọ lẹ́nu rẹ̀, ìgbà náà gan-an sì ni páánù gbágùúdá ìyá mi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Lẹ́yìn ògiri wa, obìnrin kan wà tí a ń pè ní Ìyá Fìdélì, ará Àjàṣẹ́, èdè Gùn ló ń sọ, ṣùgbọ́n Nàgó, Yorùbá bíi tiwa, ni ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá, ó tilẹ̀ ń fi tajà, ṣùgbọ́n ìgbà àgbà ló kọ́ ọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó bu àkàsà fún mi jẹ lọ́pọ̀ ìgbà.

Òkìkí dùùrù náà kàn. Délégè fúnra rẹ̀ wá gbọ́ ọ, ó di ìgbáròkó mú, ó ń mi orí. Nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó fò sókè. “Àìkúyà! Bọ́n! Kàmáráàdì télọ̀, orúkọ Rẹ́fólúsíọ̀n gan-an nìyí! Rẹ́fólúsíọ̀n kò ní kú!” Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ÀÌKÚYÀ sára ìlù ńlá Bàbá, kí ẹgbẹ́ náà sì múra, nítorí pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, àwọn ni yóò kọrin fún wọn. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó ń wo ọ̀dà náà bí ó ṣe ń kán sílẹ̀. Ó sọ fún ìyá mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Wọ́n ti fún un ní aṣọ. Kò ní ṣe é bọ́ mọ́.” Mo rántí pé Bàbá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Àwa ọmọ rẹ̀ kò tíì rí i kí ó yangàn báyẹn rí, ó sì yẹ ẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni Múfú dùbúlẹ̀. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ ọ, lẹ́yìn náà ọrùn rẹ̀ le gan-an, kò lè tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ìyá mi gbé e mọ́ra, ọmọ tó ti ga tó o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Bàbá gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó fi gbé dùùrù wálé, wọ́n forí lé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá ń ti kẹ̀kẹ́ ni, kò gùn ún. Ìyá Àgbà ti rí i láti òkèèrè. Ó lọ gbé igbá omi rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sórí eérú nínú àdògán, ó sì da ojú igbá délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ọwọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ mọ́. Mo ti di bàbá ọmọ, mo ti sin òbí, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn tí wọ́n bá ní ikú ni ilé kan tí ọwọ̀ kò dún nínú rẹ̀ títí oòrùn fi yọ.

Àwọn ènìyàn wá bá wa kẹ́dùn. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń rin gbágùúdá tí a fi ń ṣe gàrí fún àwọn àlejò ni Ìyá Fìdélì ti sọ ọ́, tẹkúntẹkún. “Etí mi yìí náà ló gbọ́ ọ o. Láràárọ̀ ni ìyá yẹn ń sọ ọ́. Á ní, ‘Ikú, yà sílé.’ Mo rò pé eré ni.” Ọ̀rọ̀ náà kò dé ọjọ́ kejì lẹ́nu wọn tó fi dé etí délégè. Ẹ rántí irú ìgbà tí a wà. Àwọn ará Rẹ́fólúsíọ̀n ti ń wo àwọn obìnrin arúgbó bí àjẹ́. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n ń dá ìlú dúró, wọ́n ní àwọn ni wọ́n ń pa ọmọ jẹ. Arúgbó tí wọ́n bá ti fura sí, ilé rẹ̀ kì í gbà á mọ́.

Ní ọ̀sán, délégè wá pẹ̀lú àwọn ará kọmítẹ̀ rẹ̀, ó sì mú mẹ́tìrì tó ń kọ́ Múfú dání. Abẹ́ páánù ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni wọ́n jókòó sí, dùùrù wà lórí tábìlì, ìlù pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Délégè kò kígbe Ehuzu lọ́jọ́ yẹn. Ó bi Ìyá Àgbà bóyá òótọ́ ni ó ń pe ikú láràárọ̀.

“Mò ń lé e ni,” ni Ìyá Àgbà wí. “Orúkọ ohun tí ẹ̀ ń wò yẹn ni. Mo ní kí ó yà fún wa.”

“Kàmáráàdì mẹ́tìrì, ẹ bá wa kà á.”

Mẹ́tìrì tẹ̀ sórí dùùrù náà. Ó ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, ó sì kà á ní ti Faransé. Ohùn tó jáde láàárín rẹ̀ kì í ṣe i, kì í ṣe u. Ó ní, “Orúkọ ẹni tó ṣe é lásán ni. Kò ní ìtumọ̀ kankan ní èdè yín.”

“A kò bi yín ní ìtumọ̀. Onílé ló mọ orúkọ ohun tó rà.” Délégè yíjú sí Bàbá. “Kàmáráàdì télọ̀, kí ni orúkọ dùùrù yìí?”

Mo ń wo bàbá mi. Gbogbo wa là ń wò ó. Tí ó bá ní Ikúyà, a jẹ́ pé orúkọ lásán ni ìyá rẹ̀ ń pè, ó ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé ikú ni wọ́n kọ ní ọ̀dà pupa fún Rẹ́fólúsíọ̀n, pẹ̀lú àṣẹ délégè, tí àwọn ọ̀gá sì ń bọ̀ wá wò ó. A sì jẹ́ pé òun ni ó gbé e wálé sórí kẹ̀kẹ́, tí ó fi aṣọ ìbora wé e. Ó wo ìlù. Ó wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà.

“Àìkúyà ni,” ni ó wí.

“Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín wí, Ìyá? Kò sí ikú nínú orúkọ rẹ̀. Ta wá ni ẹ̀ ń pè?” Ṣùgbọ́n délégè náà kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ le, olórin rẹ̀ ni Bàbá, ó ṣì nílò rẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ kàn sọ lójú gbogbo wa pé ọmọ náà ló ṣì í kà, tí ẹ̀yin náà fi ṣì í gbọ́. Ẹ pe Àìkúyà lẹ́ẹ̀kan. Àwa á máa lọ, ẹ̀yin á máa gbélé yín.”

Ìyá mi ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ẹ dákun, ẹ pè é.”

“Ta ló ṣì í kà?” ni Ìyá Àgbà bi.

“Ọmọ náà.”

“Ọmọ wo?”

“Èyí tó… èyí tó ṣaláìsí.”

“Ó lórúkọ.” Ìyá Àgbà dìde dúró. “Múfútàù ló ń jẹ́. Mo ní kí ó kà á, ó kà á. Mo ní kí ó tún un kà, ó tún un kà, bákan náà ni. Bàbá rẹ̀ pariwo mọ́ ọn, síbẹ̀ kò yí i. Ẹ fẹ́ kí n dúró níbí, tí erùpẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, kí n ní ọmọ mi kò mọ̀wé? Òun tí kò sí níbí láti fèsì? N kò ní wí i.”

Mo la ẹnu mi. Mo ti wà ní kíláàsì kẹta, mo mọ I yàtọ̀ sí A, mo fẹ́ kà á fún wọn. Ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún gbágùúdá, ó sì dì í pinpin títí wọ́n fi lọ.

Wọ́n ní kí ó fi ilé sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Lagbé ló lọ, sí oko àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fún un ní ahéré kan lẹ́yìn gbágùúdá. Ó di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò gbé igbá omi. Ó kí ìyá mi, ó kí mi, Wàídì, ó pè é tán pátápátá, kò jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ nínú rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní, “Ràṣídì Àkànní, mo ń lọ o.” Bàbá kò gbé orí sókè. Ẹ̀rọ náà ń sáré lórí irin, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí tí a kò fi rí ìyá mọ́ lójú ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ Àìkúyà kọrin fún àwọn ọ̀gá náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí. N kò ní purọ́, Bàbá mọ̀ ọ́n tẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ báyẹn láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ mo ti gbọ́ àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ní Kútọnù. Bàbá gbé dùùrù náà délé, ó fi aṣọ ìbora ìjọ́sí bò ó, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó yọ mí kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ìyá mi bi í pé kí ló dé, ó ní, “Ìwé ti tó nínú ilé yìí.” Ìdí nìyẹn tí n kò fi kọjá kíláàsì kẹta. Tí ẹnikẹ́ni bá ní orí mi ni kò gbà á, purọ́ ló ń pa. Ẹkù gbẹ, koríko hù nínú rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ tán nígbà tí ẹnì kan láti Lagbé yà sọ́dọ̀ wa, tí ó ní ìyá ti kú, wọ́n ti sin ín, ó ti pẹ́ díẹ̀. Bàbá bèèrè bóyá ó dárúkọ ẹnì kan. Ọkùnrin náà ní àwọn kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Rẹ́fólúsíọ̀n ti lọ, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará Japan kan wá gbẹ́ kànga fún wa. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn orin, ó máa ń wá jókòó tì mí. Ó rí dùùrù Bàbá ní kọ̀rọ̀, ó ṣí aṣọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kà á. Ó tò ó lọ gbọọrọ, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. I ló fi bẹ̀rẹ̀. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní orúkọ ènìyàn ni, orúkọ tí ìyá kan sọ ọmọ rẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo lọ bá Bàbá níbi tó dùbúlẹ̀ sí, nítorí pé àìsàn tó pa á ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kà á náà ni. I ni.”

Ó wo òrùlé. “Mo mọ̀,” ni ó wí.

“Ẹ mọ̀?”

“Ẹni tó tà á fún mi, Ikúyà ló pè é. Ojú ọ̀nà Banigbé ni mo ti fi Àì sí i níwájú, lórí kẹ̀kẹ́. Mo mọ ìyá mi. Mo mọ̀ pé tí ó bá gbọ́ ọ, kò ní sùn. N kò fẹ́ kí àyà yín já. Wàídì, Lagbé kò jìnnà. Bá mi lọ sọ fún ìyá mi lójú oórì rẹ̀.”

Kí n tó rí àyè lọ, ó ti kú. Mo lọ lẹ́yìn tí a sin ín. Ahéré náà ti wó, àwọn tó mọ ibi tí wọ́n sin ìyá sí ti kú, àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ ọ́n. Gbágùúdá ni wọ́n gbìn sí gbogbo ibẹ̀, ó ga jù mí lọ, ewé rẹ̀ ń fẹ́ sọ́tùn-ún, ó ń fẹ́ sósì. Èmi tí àwọn ọmọwé ń wá bi léèrè, mo wọ àárín rẹ̀, mo sì pe orúkọ náà bí ó ṣe yẹ kí a pè é, gẹ́lẹ́ bí Múfútàù ṣe kà á. Mo yíjú, mo tún un pè. N kò mọ ìhà tó yẹ kí n kọjú sí.